"Ẹ Má" Tí A Gé Kúrò Lẹ́nu Mi

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sí kíláàsì mi rí yóò rántí bí mo ṣe máa ń sọ "ẹ má". Kẹ́mísírì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ, iṣẹ́ tí ásíìdì àti iná wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìkìlọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi. Bí ìkìlọ̀ kan bá lágbára, n kì í sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Màá sọ pé "ẹ má", màá gbé ìka kan sókè, màá dákẹ́, màá sì wo ojú wọn láti àga iwájú títí dé ti ẹ̀yìn. Ìgbà tí mo bá rí i pé gbogbo ọwọ́ ti dúró, tí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ti pa ẹnu dé, ni màá tó sọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo sì kọ́kọ́ fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ àárín rẹ̀ kò yàtọ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sí ọmọ kan tí kẹ́míkà bà lára jẹ́ níṣojú mi. Mo gbà pé ìdákẹ́ yẹn ló ń ṣọ́ wọn.

Ìgbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni èmi àti ọkọ mi kó láti Ọ̀yọ́ wá sí Port Harcourt. Àbíkẹ́yìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà náà ni. Rumuomasi ni a gbé, pídínì sì ni gbogbo àdúgbò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ mi tètè mọ ìwé, mo sì rò pé Yorùbá yóò dí i lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé, ó kó pídínì níta, Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ju ti ìkíni àti ti oúnjẹ lọ. Mo kọ èyí síbí nítorí pé ó wà lára ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá ní n kò mọ̀ pé yóò já sí nǹkan, òótọ́ ni. Bí mo bá ní ẹ̀bi ẹlòmíràn ni, irọ́ ni.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí ọkọ mi sì ti ṣaláìsí, àwọn obìnrin Yorùbá tí a jọ ń ṣe ìpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ní kí n kọ́ àwọn ní ọṣẹ ṣíṣe. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn ju Kìrìsìtẹ́nì lọ, àwọn ìyàwó oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Kwara. Mo kọ́ àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní ẹ̀yìnkùlé mi. Àwọn tó ń gbé lọ́nà jíjìn, ní Rumuolumeni àti Omagwa, kò lè máa wá. Àwọn ni wọ́n ní kí n gbé ẹ̀kọ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn máa wò ó lórí fóònù.

Ọmọ mi yìí, tó ti di ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì, ló ń ya fídíò náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. A óò nu èéfín dúdú tó máa ń bà lé gbogbo nǹkan ní Port Harcourt kúrò lórí tábìlì, a óò pa fáànù, a óò sì máa retí kí jẹnẹrétọ̀ alámùúlégbè sinmi. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, a óò dúró. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lé ní ogún ìṣẹ́jú. Àwọn obìnrin náà kí mi títí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n ní ìbéèrè lórí rẹ̀, ojú wọn fi hàn pé wọn kò wò ó tán.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, I tell you. Nobody get that time. Dem dey cook, dem dey sell market, you come dey look for your glasses for inside video."

"Mo nílò gíláàsì mi láti ka òṣùwọ̀n."

"I know, ma. But make we cut am."

Ó pè mí sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi ohùn mi hàn mí. Ohùn mi wà lójú ẹ̀rọ náà bí ìlà tó ń ga, tó ń lọ sílẹ̀. Ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ga bí ebè, ibi tí mo ti dákẹ́ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò tilẹ̀ tẹ́tí sí àwọn ibi tó tẹ́jú. Ó ń fi ìka gé wọn, ó ń pa wọ́n rẹ́, ebè kan ń sún mọ́ èkejì. Ó gé òjò, ó gé ikọ́ mi, ó gé ìgbà tí mo ń wá ṣíbí. Nígbà tó parí, ogún ìṣẹ́jú ti di mẹ́rin, mo sì rí obìnrin kan tó jọ mí, tí kì í gbàgbé nǹkan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró níbì kankan. Inú mi dùn sí obìnrin náà. N kò ní purọ́.

Àwọn obìnrin ìpàdé fẹ́ràn rẹ̀. "Màmá Tíṣà, ẹnu yín já gaara," ni wọ́n ń sọ. "Ṣé ẹ kì í mí ni?" Wọ́n ń fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn, àwọn ọ̀rẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọmọ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, fún àwọn tí kò ní àyè fún mẹ́rin pàápàá. Èyí kúkúrú yẹn ló máa ń rìn jù.

Bí mo ṣe ń wo ara mi sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí àléébù sí i. Mo gbọ́ pé mo máa ń sọ "ẹ̀n, ẹ̀n" láàárín ọ̀rọ̀, mo sì tún máa ń fi "mà" sí ibi gbogbo: ó mà ń gbóná, ó mà ti ń ki. Ó pọ̀ jù. Ní ọjọ́ kan tí ọmọ mi wà níbi iṣẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Mo mọ ohun tí mo kọ dáadáa nítorí pé ó ṣì wà níbẹ̀: "Gbogbo e e ati ma ma yen, yo won kuro. Won ti poju." Fóònù mi kò ní àmì ohùn, èmi náà kò sì wá a. Bẹ́ẹ̀, èmi yìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ìpàdé wa ní Yorùbá kíkọ ní àràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí mo máa ń fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ìwé wọn pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì kò tíì parí.

Lẹ́yìn èyí ni a ṣe ẹ̀kọ́ lórí kọ́sítíìkì sódà. Èròjà funfun ni, òun ló ń sọ epo di ọṣẹ, ó sì máa ń jẹ ara bí iná. Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: inú omi ni a ń da kọ́sítíìkì sí, díẹ̀díẹ̀. Bí èèyàn bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, yóò hó lójijì, yóò sì ta sókè sí ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Mo ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Mo tún sọ ohun tí a óò ṣe bí ó bá ta síni lójú: omi tútù tó pọ̀, kí a máa dà á síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí a má fi epo tàbí nǹkan mìíràn pa á. Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ ṣe ti oníṣẹ́jú kan, ó ní apá ti ojú fífọ̀ kò ní gba ibẹ̀. Mo ní kí ó yọ ọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ yóò wo èyí tó gùn.

Mo wo ti oníṣẹ́jú kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbé e síta. Èmi kì í gbé iṣẹ́ jáde láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì sọ pé ó dára.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n fóònù mi pé ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa wà ní ilé ìwòsàn, pé kọ́sítíìkì ta sí i lójú. Ará Kwara ni, ó bí ọmọ mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ káfíńtà láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ń ta ọṣẹ olómi tẹ́lẹ̀, ìyá ọlọ́ṣẹ ni gbogbo wa ń pè é, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ líle ni. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi báńdéèjì bo ojú ọ̀tún àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti fi epo pupa pa ojú náà kí wọ́n tó gbé e wá. Dókítà ní àwọn ṣì ń retí, pé kò tíì sí ẹni tó lè sọ bóyá ojú náà yóò ríran.

Mo jókòó tì í, mo sì gbá a lọ́wọ́ mú. Ohun tí mo wá sọ lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Báwo lẹ ṣe gbàgbé? Mo ṣáà ti sọ fún yín pé ẹ má da omi lé e lórí."

Ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ ní kí n dà á."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, bí mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ń jiyàn lórí ìdáhùn tí kò tọ́. "Bóyá ẹ kò gbọ́ ọ délẹ̀ ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ wà lórí àga kejì, eruku pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi wí fún un, Màmá. Àtàárọ̀ ni mo ti ń sọ ọ́. Obìnrin yìí kì í fara balẹ̀ gbọ́ nǹkan. Yóò máa dáná, yóò máa wo fóònù, yóò tún máa bá èèyàn jà."

"Mo gbọ́ ọ," ni obìnrin náà wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ kí n tó ṣe é. Bí wọ́n bá máa yọ ojú yìí, kí wọ́n yọ ọ́, àmọ́ kí ẹ má pè mí ní ẹni tí kò gbọ́ràn."

"O gbọ́ ọ, o wá da omi sí nǹkan tí wọ́n ní kí o má dà á sí?"

"Ẹ mú fóònù mi wá."

Ọkọ rẹ̀ mú un. Ó wá fídíò náà jáde láti fi hàn án pé òun ló ṣì í gbọ́. Ti oníṣẹ́jú kan ni. Mo gbọ́ ohùn mi nínú wọ́ọ̀dù náà, ó já gaara gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ. Mo ní kí wọ́n lo bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Mo ní kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Mo wá ní, "Bí kọ́sítíìkì bá ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, da omi lé e lórí."

Aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì yí ojú sí wa. Ọkọ ìyá ọlọ́ṣẹ tún gbé e sí i, ohùn mi sì tún sọ ọ́. Ó wo fóònù náà, ó wò mí, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì pa á.

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

Mo ní èmi ni.

Obìnrin náà ní, "Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ kò fi 'ẹ' sí i. Ẹ kì í sọ̀rọ̀ sí wa bẹ́ẹ̀. Mo ní bóyá ẹ ti kà wá sí ọmọ yín ni."

Òótọ́ ló sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bímọ, n kì í sọ "o" sí i, bó ti wù kó kéré sí mi tó. Nínú gbogbo àwọn tó wo ẹ̀kọ́ náà, òun nìkan ló ṣàkíyèsí pé nǹkan kan ti sọnù níbẹ̀, ó sì fi inú rere túmọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kò ṣàkíyèsí ohunkóhun. Mo mọ ohun tí mo sọ níwájú kámẹ́rà, nítorí náà etí mi gbọ́ "ẹ má" tí kò sí níbẹ̀.

N kò sọ nǹkan kan fún wọn ní ọjọ́ náà. Mo ní mo ń bọ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi padà sílé, mo ń gbìyànjú láti gbà pé ẹlòmíràn ló ti bà á jẹ́ lọ́nà, nínú àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ kiri.

Ọmọ mi ti dé láti ọ́fíìsì. Mo ní kí ó ṣí èyí tí kò tíì gé fún mi. Mo rí ara mi lójú kọ̀ǹpútà. "Bí kọ́sítíìkì bá ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má," ni mo wí, mo gbé ìka sókè, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́ náà gùn. Mo ń wo kámẹ́rà láti ọ̀tún dé òsì, bí ẹni pé àwọn ọmọ kíláàsì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ pé, "da omi lé e lórí."

Lójú ẹ̀rọ náà, "ẹ má" dá dúró bí ebè kékeré kan, ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi gé eléyìí?"

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Which one? The 'eh, ma'?"

Mo fi ìka kan ebè kékeré náà.

"Mọ́mì, na you talk am. You say make I remove all the 'eh eh' and 'ma ma'." Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ mi hàn mí. Mo kà á. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá kọ irú rẹ̀ fún mi, màá dá a padà fún un. Láti kékeré, "ma" kan ṣoṣo tí ọmọ yìí mọ̀ ni èyí tó ń fi bọ̀wọ̀ fún èmi àti àwọn àgbàlagbà: yes ma, good morning ma, sorry ma. Nígbà tí mo gbé ìka sókè tí mo ní "ẹ má", ohun tó gbọ́ ni ìyá àgbà kan tó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó wá ní, "So na me do that woman eye?"

Mo ní, "Ìwọ lo gé e. Èmi ni mo ní kí o gé e, èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, èmi náà ni n kò kọ́ ọ ní èdè tí o ń gé."

Ó pa fídíò méjèèjì rẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wá bẹ̀ mí, omi lójú rẹ̀, pé bí a bá ti yọ ọ́ báyìí, ta ni yóò mọ̀. "Abeg, Mọ́mì. Make we just carry food go greet her every day. Abeg."

Mo gbà pé ó wù mí. Àwọn tó wà níbi ìpàdé ti ń sọ pé ìyá ọlọ́ṣẹ kì í gbọ́ nǹkan délẹ̀, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́ parí síbẹ̀. Yàtọ̀ sí òun àti ọkọ rẹ̀, àwa méjì nìkan la mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan ló ń jà fún lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ọmọ mi jọ lọ. Dókítà ti sọ fún wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà pé ojú ọ̀tún kò ní ríran mọ́. Ìyẹn ni a bá níbẹ̀. N kò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún òun àti ọkọ rẹ̀, bí mo ṣe sọ "ẹ má", bí mo ṣe dákẹ́, bí a ṣe gé e, àti apá ti omi fífi fọ ojú tí mo ní kí a yọ. Ọmọ mi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Obìnrin náà gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó ní, "Nígbà náà, mo gbọ́ ọ dáadáa."

Mo ní, "Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ jù yín lọ."

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó jáde lọ sí kọ́rídọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó padà. Nígbà tó wọlé, ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì di irin rẹ̀ mú. Kò bá mi wí. Ó ní, "Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo fi bú u," kò sì wo ẹnikẹ́ni nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìyàwó rẹ̀ fi ojú tó kù wo ọmọ mi nílẹ̀. "Ṣé o gbọ́ Yorùbá?"

"Small, ma," ni ọmọ mi wí.

Obìnrin náà di ojú náà. Ó ní kí ó dìde. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé ohun kan ni òun fẹ́, pé kí n lọ sọ ọ́ níbi ìpàdé, níwájú gbogbo wọn, kí n má gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.

Mo sọ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà kan nínú wọn, tó fẹ́ràn mi, fi ọwọ́ kan èjìká mi. "Ẹ má da ara yín láàmú, Màmá Tíṣà. Iṣẹ́ èṣù ni."

Mo ní, "Rárá o. Ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní orúkọ rẹ̀." Mo ní kí olúkúlùkù ṣí fóònù rẹ̀, kí ó pa fídíò náà rẹ́ níṣojú mi, mo sì lọ láti àga dé àga bí ìgbà tí mo ń ṣọ́ ìdánwò. Wọ́n pa á rẹ́. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ: ẹ̀gbọ́n, ìyàwó àbúrò, oníbàárà, ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ilé ìwé ọmọ. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé kan. Nígbà tó yá, mo dá ọwọ́ dúró.

A ya ẹ̀kọ́ náà tuntun. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òjò sì bẹ̀rẹ̀ ní àárín rẹ̀, a kò gé e. Ikọ́ mi wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má dà á, ẹ má dà á," mo sì so ó pọ̀ débi pé ọ̀bẹ kankan kò lè wọ àárín rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni. Ìwọ̀nba èèyàn ló wò ó, ọmọ mi sì fi hàn mí nínú ẹ̀rọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ kí n tó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìgbà ìkẹyìn tó ya fídíò nìyẹn. Ó ti gbé kọ̀ǹpútà náà fún ẹlòmíràn.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà kí ìyá ọlọ́ṣẹ tó fóònù mi ní òwúrọ̀ kan. Òun fúnra rẹ̀ ti padà sí ọṣẹ olómi, kò fọwọ́ kan kọ́sítíìkì mọ́. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ó ti tún dé o. Ẹnì kan ní Omagwa fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí wa, ó ní ẹ̀kọ́ dáadáa ni, pé òun fẹ́ fi ṣe ọṣẹ lónìí." A pe nọ́ńbà obìnrin náà, kò lọ. A tún un pè. Mo wọ bàtà mi, a sì pàdé ní ibùdókọ̀.

Nínú ọkọ̀, ó ní kí n jókòó sí òsì òun, kí òun lè máa rí mi. Nígbà tí a ń sún mọ́ Omagwa, ọkọ̀ òfurufú kan kọjá lórí wa, ó wálẹ̀ débi pé gbogbo ọkọ̀ gbọ̀n. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Obìnrin Omagwa náà wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń rẹ́ ọṣẹ tó ti gan láti àná. Ará Ọ̀yọ́ ni. Kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí mo sọ ohun tó gbé wa wá, ó ya ẹnu. Ó ní, "Háà, Màmá, èmi ò tẹ̀lé ibẹ̀ yẹn. Ìyá mi ti ń fi kọ́sítíìkì ṣe ọṣẹ kí wọ́n tó bí mi. Mo kàn ní Màmá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni." Ó wo ojú ẹnì kejì mi, ó yára wo ilẹ̀.

Mo bi í pé ta ló fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun kò mọ ẹni náà, pé ó kàn dé ni, pé ó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn kan ní ìlú mìíràn pẹ̀lú. Ó pa tirẹ̀ rẹ́. Ó fún wa ní ọṣẹ méjì, a sì dúpẹ́.

Nígbà tí a ń padà, àyè ọ̀tún rẹ̀ nìkan ni mo rí jókòó sí; ìyá ọlọ́ṣẹ gbé ọṣẹ náà lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò ra á. A ti kọjá géètì pápá ọkọ̀ òfurufú kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá Tíṣà, ó ku ènìyàn mélòó?"

N kì í fi ìbéèrè ọmọ kíláàsì sílẹ̀ láìdáhùn. Mo ní n kò mọ̀. Ó mi orí, ó yí ojú tó ń ríran sí fèrèsé, èmi sì jókòó sí ibi tí kò ti lè rí mi mọ́.